Sísítà Ta-Lẹ-Fẹ́

Láàárín ìgbà tí Nàìjíríà gba òmìnira sí ìgbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, bóyá la fi rí ẹni tó fara pa ní Ìkìrun tí kò mọ Sísítà Ta-Lẹ-Fẹ́. Keziah ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, Ìyàwó Tíṣà ni wọ́n ń pè é nílé ọkọ ní Ìnísà, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn aláìsàn bá fún nọ́ọ̀sì kì í bọ́ lára bọ̀rọ̀. Ohun tó fa orúkọ náà kò ṣòro. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó ṣèṣe wọ ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ẹni tí kẹ̀kẹ́ gbá, ìbáà jẹ́ ẹni tó fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko, Keziah á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á wò ó lójú, á sì bi í pé, "Ta lẹ fẹ́ kó yẹ ara yín wò?"

Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Felicia, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì dé, ni ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn. Ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ṣé ìgbà tó máa jókòó yan èèyàn nìyẹn, bí ẹni ń yan gèlè lọ́jà? Yẹ̀yẹ́ lásán ni, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, Keziah á ti fi aṣọ tẹ ojú ibẹ̀ pinpin kó tó la ẹnu. Ìbéèrè yẹn kò dá ẹnikẹ́ni dúró rí. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fò ó. Bàbá arúgbó kan lè ní ọkùnrin ni kó wo òun. Ọmọge kan lè ní kí ìyá òun dúró ti òun, kí àwọn tó kù jáde. Àlùfáà Aládùúrà kan tiẹ̀ ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó wo òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bọ́ fìlà orí òun. Keziah rán ojú ọgbẹ́ orí rẹ̀ lábẹ́ fìlà náà, ó sì rán an dáadáa. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò mọ ibi tó ti rí ìbéèrè náà, òun náà kò sì sọ fún wọn.

Nítorí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkukù ni wọ́n ti bí i, nílé onígbàgbọ́ kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú irin rélùwéè. Láti kékeré ni ara rẹ̀ ti yá ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ni ọmọ tí á ti pọnmi kún àmù tán kí wọ́n tó rán an létí odò. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìyá òyìnbó tó ń kọ́ wọn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọwọ́ yíyá yìí, ó sì máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Bó ṣe padà wá sí Ìkìrun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń gba àwọn tó fara pa, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń sọ fún wọn: "Ẹ dákẹ́, mo ti rí i." Lóòótọ́, ó máa ń rí i. Ojú rẹ̀ á ti mọ ibi tí egungun ti yẹ̀ kí aláìsàn tó sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń rí i bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ìgbà wo ló máa rántí pé òun lè ṣàìrí?

Titus Oyèwálé, tó jẹ́ tíṣà, ló fẹ́ ẹ, ilé ọkọ yìí sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá ọmọ náà wí nítorí ìwà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìdána, Ojúọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá Titus lóbìnrin, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, dìde láàárín àwọn obìnrin ilé, ó ní, "Ẹni tó ti rí ìhòòhò gbogbo ọkùnrin Ìkìrun, kí ló kù tó ń wá bọ̀ nílé wa?" Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ yẹn ti dé Òkukù.

Bàbá Titus, Olúbọ̀dé, ló fòpin sí i. Àgbẹ̀ ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì máa ń tijú bí ọmọdé. Ó ní kí wọ́n gba ìyàwó náà wọlé, ó ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fara pa ni wọ́n máa mọ irú ìyàwó tí wọ́n ní. Ẹnikẹ́ni kò tún sọ ọ́ lójú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Keziah gbé ọ̀rọ̀ Ojúọlá sínú. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tó bá ráyè ló ń lọ sí Ìnísà, á gbálẹ̀, á gúnyán, á kúnlẹ̀ kí tàgbà tèwe. Kò pe ọmọ tó kéré jù nínú ilé náà lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rere. Ó fún wọn lórúkọ tirẹ̀: eléyìí Akọ́wé, tọ̀hún Adúmáadán, èyí tó ń sunkún jù Ọkọ-mi-Jẹ́jẹ́. Wọ́n ń jẹ iyán rẹ̀, wọ́n ń dáhùn ìkíni rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá ti kọjá, wọn á wo ọwọ́ òun, wọn á sì ronú ibi tí ọwọ́ náà ti dé. Ohun kan ṣoṣo ló wá ń wù ú láyé: kí ilé yẹn fi ẹnu ara wọn sọ pé iṣẹ́ òun, iṣẹ́ dáadáa ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1957, ọkùnrin tó máa ń bá Olúbọ̀dé kọ ẹyìn lóko kò wá. Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ mú igbà, ó gun ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ó ti dàgbà kọjá ohun tí ń gun ọ̀pẹ. Igbà já. Ó ṣubú sáàárín igbó tí wọ́n ti ṣán, tí àwọn kùkùté kéékèèké yọrí ṣóńṣó kiri. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, apá rẹ̀ òsì ti rọ́. Ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ìyá Titus, bọ́ ìró àdìrẹ ara rẹ̀, ó ró o mọ́ ọn nídìí bo ṣòkòtò rẹ̀ tó ya, wọ́n sì gbé e sínú lọ́rì kan tó ń lọ sí Ìkìrun. Ìdajì agbo ilé bá wọn lọ. Ojúọlá jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà.

Bí Keziah ṣe rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ó sáré pàdé wọn. Ó káàánú bàbá náà tọkàntọkàn, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, nǹkan mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tó dà bí ayọ̀. Ọjọ́ tí Bàbá sọ ti dé. Ó ní kí wọ́n gbé e wọlé, ó sì ní kí àwọn tó kù dúró síta. Wọ́n dúró síta lóòótọ́, ojú fèrèsé ni gbogbo wọn dúró sí, Ojúọlá ló sì gba àárín.

Olúbọ̀dé jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Òógùn bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún tí kò ṣe nǹkan kan di kókó ìró àdìrẹ náà mú. Ó wo fèrèsé, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé kò sí ọkùnrin níbí tó lè bá mi wò ó?"

Ó wà. Olúsọjí tó máa ń di ojú ọgbẹ́ wà lẹ́yìn ògiri, ó ń se abẹ́rẹ́ lórí sítóòfù, òórùn kẹrosín rẹ̀ ń wọlé. Bí Keziah bá pè é lẹ́ẹ̀kan, á jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn Olúbọ̀dé ni Keziah gbọ́ nínú ìbéèrè yẹn, ohùn Ojúọlá ló gbọ́. Ó rò pé bàbá tó ń gbèjà òun láti ọjọ́ yìí ti wá sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, pé nígbà tó kan ara tirẹ̀, ìtọ́jú obìnrin kò tó o. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú tó sì bàjẹ́ yẹn ló fi dáhùn. Ó gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ lójú fèrèsé.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ohun tí ọkùnrin bá lè ṣe, èmi náà á ṣe é."

Olúbọ̀dé tún wo fèrèsé. Ó gbé ojú kúrò. "Ó dáa, ìyàwó," ó ní.

Kò sí ẹni tó di apá bí ó ṣe di apá yẹn. Ó na egungun náà padà sípò wẹ́rẹ́, ó fi igi pẹlẹbẹ tì í lọ́tùn-ún lósì, ó yí báńdéèjì mọ́ ọn, ó so ó kọ́ ọrùn rẹ̀. Awọ apá náà kò bó rárá, nítorí náà kò sí ọgbẹ́ tó máa torí rẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́. Ó ku òfin kan. Ìyá òyìnbó ti kọ́ wọn títí pé ẹni tó bá já láti òkè, kí wọ́n tú u láṣọ, kí wọ́n wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ohun yòówù kó wí. Keziah na ọwọ́ sí kókó ìró náà. Ọwọ́ Olúbọ̀dé kò kúrò níbẹ̀. Keziah náà wá fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ní iṣẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni; ṣùgbọ́n nínú agbo ilé yẹn, ìyàwó ni, ìyàwó tí kò sì jẹ́ pe ọmọ ọwọ́ ilé lórúkọ, báwo ló ṣe máa tú bàbá ọkọ rẹ̀ láṣọ, tí gbogbo ilé ń wò ó lójú fèrèsé? Lójú Ojúọlá? Ó bi í bóyá ibòmíràn ń dùn ún. Bàbá ní apá náà ni. Keziah mí kanlẹ̀, ó sì gbà á gbọ́, nítorí ó fẹ́ gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Olúbọ̀dé gbé apá dídì náà sókè díẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn wò ó, ó ní ìyàwó òun nìyẹn. Ojúọlá fọwọ́ pa báńdéèjì náà, ó wò ó yíká, ó ní ọwọ́ ire ni ọwọ́ ìyàwó àwọn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ náà, orin ni Keziah ń kọ relé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí í kọrin.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gbé e padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè jókòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ọrùn rẹ̀ gan, eyín rẹ̀ pa dé débi pé ṣíbí kò lè kọjá. Olúsọjí wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ipá ni, àìsàn tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara. Òun ló tú aṣọ rẹ̀, Keziah sì yí ojú sí ògiri. Olúsọjí sọ ohun tó rí fún un. Lókè itan, lápá inú, níbi tí àgbàlagbà kì í sọ lójú ọmọ, kùkùté ti wọlé. Ihò náà kò ju orí ìka lọ. Ewé gbígbẹ wà lójú rẹ̀, igi tó kù sínú rẹ̀ sì ti jẹrà.

"Sísítà, ẹ ò rí èyí lọ́jọ́sí ni?" Olúsọjí bi í. Kò bi í tìbínútìbínú. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ipá gbé èèyàn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà. Keziah mọ ibi tó wà gan-an.

Dókítà wá láti Òṣogbo, ó ṣe ohun tó lè ṣe. Wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, nítorí ariwo díẹ̀ ti tó láti mú kí gbogbo ara aláìsàn ipá gan. Keziah jókòó tì í. Ojú Olúbọ̀dé là sílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e bó bá ṣe ń rìn. Gbogbo ohun tí Keziah ń fẹ́ ni kí ó bú òun. Ẹnu tó ti bẹ̀ ẹ́ kó pe ọkùnrin kò ṣeé là mọ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ohun tó wá tẹ̀ lé e ló burú jù lójú Keziah: wọ́n yìn ín. Níbi ìsìnkú, Ojúọlá fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri pé ìyàwó àwọn ṣe gudugudu méje lórí Bàbá, pé kò sùn, kò wo, ọjọ́ ló pé. Àwọn obìnrin tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìdána bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn wá fún un kó wò ó. Àbẹ̀kẹ́ wá fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ inú rẹ̀. Bó bá ti Ìnísà wá sọ́jà Ìkìrun, á gbé ẹ̀wà tàbí epo dání fún un, á sì máa wò ó bí ẹni tó ní nǹkan láti sọ. Ohun tí Keziah fẹ́ láyé ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì lè jẹ ẹ́. Ó sọ fún Titus pé òun kò rí ojú ọgbẹ́ yẹn. Titus ní kò sí ẹni tí í rí gbogbo nǹkan tán, kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò sọ fún Titus pé Bàbá béèrè fún ọkùnrin. Ìyẹn ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà náà ló jáwọ́ nínú "mo ti rí i". Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Àwọn èèyàn sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún mọ rírì rẹ̀, nítorí àwọn àgbàlagbà tó ti ń fi ọgbẹ́ pamọ́ sílé wá ń wá láti Ìnísà àti Òkukù, wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń béèrè ohun tí ẹni ń fẹ́. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn sí i. Kò dùn. Gbogbo ìgbà tó bá béèrè tí ẹnìkan dáhùn, ẹni tó yẹ kó bi léèrè ló ń rántí. Ó dùn ún lójoojúmọ́, kò sì sí ọjọ́ tí dídùn náà dín kù.

Ní ọdún 1966, kẹ̀kẹ́ gbá Àbẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà ọjà Ìnísà. Ó ti darúgbó. Wọ́n gbé e dé Ìkìrun lórí ẹní, ìbàdí ń dùn ún, Keziah sì ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, kí gbogbo èèyàn jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Felicia wà ní yàrá kejì, ó ń ká báńdéèjì.

"Ìyá, ta lẹ fẹ́ kó yẹ ara yín wò?"

"Ta ni mo tún ní tó jù ọ́ lọ?" Àbẹ̀kẹ́ ní. "Ìwọ ni." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Keziah rò pé ìbàdí ni. Àbẹ̀kẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó jókòó, nǹkan kan wà tí òun kò sọ fún un rí.

Ó ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n di apá Bàbá, bí àwọn ṣe délé, òun rí ojú ọgbẹ́ inú itan náà. Òun ní kí àwọn padà sí Ìkìrun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá kọ̀.

"Ó ní, 'O ò rí bí inú ọmọ yẹn ṣe dùn lónìí? Bí mo bá padà lọ, Ojúọlá á ní kò mọṣẹ́, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rẹ́rìn-ín. Má sọ fún un. Á jinná.' Mo ń fi ewé sí i, mo ń fi omi gbígbóná sí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń fẹ́ wá bá ọ. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ìyàwó, ìgbọràn yẹn ni mo fi pa ọkọ mi. Bí mo bá ti rí ọ, ojú a máa tì mí. O tọ́jú rẹ̀ dáadáa, èmi ni mo bà á jẹ́ fún ọ."

Keziah lè ní bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ ni, kó fi ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́kún, kí ìyá náà sì máa gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ títí dé sàréè. Àwọn èèyàn ti sọ ọ́ fún òun náà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò wò ó sàn. Ó wo ọwọ́ arúgbó náà lórí ọwọ́ òun.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́," ó ní. "Bàbá bẹ̀ mí pé kí n pe ọkùnrin wá wo òun. Olúsọjí wà lẹ́yìn ògiri yìí. Èmi ni mi ò pè é. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó wà lójú fèrèsé rí mi."

Àbẹ̀kẹ́ kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ Keziah, ó fi di kókó ìró ara rẹ̀ mú, ó sì yí ojú sí ògiri.

"Ìyàwó," ó ní, "lọ bá mi pe ẹlòmíràn."

Keziah kúnlẹ̀. Ó ní ó dáa, Ìyá. Ó dìde, ó sì lọ pe Felicia.